Kọ̀ǹpútà tàn, iṣẹ́ ò lọ: Kí oníṣọ́ọ̀bù tó gbà kí wọ́n fọ́màtì ẹ̀

Ká sọ pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó kan l'Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn oníbàárà ti tò síwájú káńtà. Ọmọbìnrin tó ń tajà ti tan kọ̀ǹpútà, ó ti tẹ páásíwọọ̀dù ẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́lẹ̀ kedere, kò sì sí ohun tó jọ pé ó ṣe é. Àfìgbà tó tẹ ètò tí wọ́n fi ń tajà, tí kinní náà gbé gbólóhùn kan ṣoṣo jáde pé òun ò rí ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn, bákan náà ni. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún un ṣe. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá yíjú sí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ má bínú o. Windows yín ló ti bàjẹ́. Àfi ká fọ́màtì ẹ̀."

Inú gbólóhùn kékeré yẹn ni ewu wà. Gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ṣọ́ọ̀bù náà wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Iye oògùn tó kù lórí àtẹ wà níbẹ̀, àwọn tí ọjọ́ wọn fẹ́ẹ́ pé wà níbẹ̀, owó tí màmá náà ṣì jẹ àwọn tó ń já ọjà fún un wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fọ́màtì hard disk láì kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ síbòmíì ti dáná sun ìwé gbèsè nìyẹn, agbára káká sì ni onígbèsè kan á fi dìde fúnra ẹ̀ pé òun jẹ màmá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ò bàjẹ́ rárá. Ibi tí wọ́n wà ni wọ́n wà. Ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n wà láàárọ̀ ni kò jí.

Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀

Ilé oúnjẹ ní àwọn tó ń gbé àwo síwájú oníbàárà, ó sì tún ní àwọn tó ti dáná láti ìdájí nínú kíṣìnì, tí oníbàárà kì í rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà rí. Ètò ìtajà tí ọmọbìnrin yẹn ń tẹ̀, agbáwo lásán ni. Àwọn kan wà lẹ́yìn tí wọn ò ní àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, tí wọn kì í ṣí fèrèsé kankan, àmọ́ tí gbogbo iṣẹ́ dúró lé lórí. Service ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tó ń to ìwé fún purínta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tibí má baà gorí tọ̀hún, Print Spooler lorúkọ ẹ̀. Èyí tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè máa ń jẹ́ MySQL tàbí SQL Server ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn wà fún aago, òmíràn wà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òmíràn sì ń ṣọ́nà nítorí fáírọ́ọ̀sì.

Bí ọ̀kan nínú wọn ò bá yọjú láàárọ̀, òun fúnra ẹ̀ kì í pariwo. Ẹni tó ń dúró dè é ló máa ń ké. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tú purínta palẹ̀ nígbà tí purínta ò ṣe ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì máa ń bú ẹni tó kọ ètò ìtajà nígbà tó jẹ́ pé ètò yẹn ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa wọn ni pé ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan máa ń jí nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń jí ní kété tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ páásíwọọ̀dù. Àwọn yẹn gan-an ni service. Àwọn kan sì wà tí wọn ò ní í mira àfi tí ẹnì kan bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Wọn ń bá onítọ̀hún wọlé, tó bá sì jáde, wọn á bá a jáde.

Ká mú ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé n'Ígàndò, tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Èyí tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ni àkọsílẹ̀ wà, àwọn méjì tó wà níwájú ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú wáyà. Ojoojúmọ́ ló máa ń tan tẹ̀yìn yẹn fúnra ẹ̀, tó máa ń tẹ páásíwọọ̀dù ẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Nígbà tó wá lọ síbi òkú n'Íjẹ̀bú lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣáà ti tan gbogbo ẹ̀. Wọ́n tan án. Iná ń tàn lára ẹ̀, aago ń lọ lójú ẹ̀, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà iwájú ò rí i. Ìwé ni wọ́n fi kọ ọjà ọjọ́ méjì. Nígbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ Ajé, tó tẹ páásíwọọ̀dù ẹ̀, ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá a ṣe é níbẹ̀rẹ̀ ló gbé ètò tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ sáàárín àwọn ohun tó ń bá ọ̀gá wọlé, dípò kó fi í ṣe service tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Irú ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo XAMPP, àkójọ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò fún ṣọ́ọ̀bù máa ń gbé ọjà wọn lé. Bí wọ́n bá kàn ṣí ojú ìṣàkóso XAMPP, tí wọ́n tẹ Start níwájú MySQL, ẹni tó wọlé ni MySQL yẹn ń sìn. Tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá tẹ Sign out nírọ̀lẹ́, ó ti bá a lọ nìyẹn. Àpótí kékeré kan wà lápá òsì ojú ìṣàkóso náà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà Service. Tí wọ́n bá ṣí XAMPP pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì tẹ àpótí yẹn, MySQL á di service gidi, á sì máa jí kí ọ̀gá tó jí. Ní ti ẹni tó kàn fẹ́ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà lọ jẹun, kò sídìí fún Sign out. Kó tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ L. Ìyẹn á ti kọ̀ǹpútà pa, àmọ́ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò tí kò gba ìmọ̀ kankan wà fún èyí. Kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀, kí wọ́n má tẹ páásíwọọ̀dù, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí wọ́n wá lọ síbi kọ̀ǹpútà mìíràn láti ta ọjà kan. Tó bá tà, service ni. Tí kò bá tà, àmọ́ tó tà ní kété tí wọ́n tẹ páásíwọọ̀dù, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ń bá wọlé.

Ibi tí wọ́n ti ń rí wọn

Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ R, tó kọ services.msc sínú àpótí tó jáde, tó sì tẹ Enter, á rí orúkọ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ wọ̀nyí nítòtò. Orúkọ wọn pọ̀ débi pé ó lè dẹ́rù bani, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta péré ló ṣe pàtàkì lójú ìwé náà. Status ń sọ bóyá òṣìṣẹ́ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀ ni Running. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Startup Type ń sọ bó ṣe yẹ kó jí: Automatic ń jí fúnra ẹ̀, Manual ń dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é, Disabled ni wọ́n ti tì mọ́lé, kò sì lè jí bí wọ́n tiẹ̀ pè é. Ọ̀nà kẹta, Log On As, ń sọ orúkọ ẹni tí òṣìṣẹ́ náà fi ń wọlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn Ẹ̀gbẹ́dá ti máa yanjú láìpẹ́.

Tó bá jẹ́ àwọn tó ń bá èèyàn wọlé ni wọ́n ń wá, Task Manager ni wọ́n á ṣí, Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà Windows 8 lọ́dún 2012 ni ojú ìwé kan ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Startup. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá kọ shell:startup sínú àpótí Windows mọ́ R yẹn á rí fódà àwọn ohun tó ń bá òun nìkan wọlé. Tó bá kọ shell:common startup, á rí ti gbogbo ará ilé. Bí ètò kan bá ń ṣí fún ọ̀gá, tí kì í ṣí fún akọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí wọ́n gbé àmì ẹ̀ láti fódà àkọ́kọ́ sí ìkejì. Kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ purínta ò le rárá, òun ló sì ń dààmú àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà jù. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ló ń wá tẹ fọ́ọ̀mù JAMB jáde n'Íkòtún lọ́jọ́ kan náà. Bí ìwé ò bá jáde, tí wáyà sì wà ní ìdí purínta dáadáa, kí wọ́n wo Print Spooler nínú Services. Bó bá jẹ́ pé ó ṣófo ní Status, kí wọ́n tẹ ẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bó bá jí tó tún ṣubú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé kan tó bàjẹ́ ló há sí i lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á ṣí fódà C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, wọ́n á pa gbogbo fáìlì inú ẹ̀ rẹ́ (fáìlì inú ẹ̀ o, kì í ṣe fódà fúnra ẹ̀), wọ́n á sì tún un tẹ̀. Bó bá wá jẹ́ Disabled ni wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n má rò pé àjẹ́ ló ṣe é. Lóṣù keje ọdún 2021, wọ́n rí ihò kan lára Print Spooler tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé, PrintNightmare ni wọ́n pè é, ìmọ̀ràn sì jáde nígbà náà pé kí àwọn tí kò lo purínta pa Spooler wọn. Microsoft ti ṣàtúnṣe sí i láti ọdún yẹn, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà tí wọ́n ṣì ń gbé ọgbẹ́ yẹn kiri láti ọ̀dọ̀ ẹni tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ ní mímọ̀

Bí wọ́n bá tẹ Start nídìí òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tó kọ̀ jálẹ̀, Windows máa ń sọ̀rọ̀ gígùn kan, àmọ́ nọ́ńbà kan máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n kọ sílẹ̀.

1069 ni ti Ẹ̀gbẹ́dá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí òṣìṣẹ́ náà fi ń wọlé kò bá ara wọn mu mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹni tó bá màmá ṣe ètò ìtajà náà lo orúkọ màmá fúnra ẹ̀ nínú Log On As. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, màmá lé ọmọkùnrin kan tó ń fọwọ́ kó owó ọjà, ó sì ṣe ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe, ó pààrọ̀ páásíwọọ̀dù ẹ̀ kí ọmọ náà má baà padà wọlé. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ pé páásíwọọ̀dù ti yí padà. Nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà náà kì í sì í kú torí inverter tó gbé e dúró tọ̀sán tòru. Ìgbà tí bátìrì inverter tán lóru ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo ẹ̀ kú, tó tún jí, ló kan ìlẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́.

Ohun tó mú kí 1069 ṣòro láti fura sí nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni ìyà ń dé. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sì ní í wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn pé páásíwọọ̀dù tí òun pààrọ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí. Àtúnṣe ẹ̀ ò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n á tẹ orúkọ service náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á lọ sí ojú ìwé Log On, wọ́n á kọ páásíwọọ̀dù tuntun síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ Apply, lẹ́yìn náà Start. Èyí tó tiẹ̀ dáa jù ni kí òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ má ṣe máa fi orúkọ èèyàn wọlé rárá. Orúkọ ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n dá fún un lórí kọ̀ǹpútà náà, tí ẹnikẹ́ni ò ní í fi jókòó tajà, tí wọ́n á sì ṣètò kí páásíwọọ̀dù ẹ̀ má kú fúnra ẹ̀.

1068 ń sọ pé ẹni tí òṣìṣẹ́ yìí gbójú lé ni kò jí. Bí alásè ò ṣe lè dáná tí ẹni tó ń já gáàsì ò bá wá. Ojú ìwé Dependencies lábẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà á sọ àwọn tó gbójú lé, ìdí àwọn yẹn ni kí wọ́n lọ.

1053 yàtọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé Windows pe òṣìṣẹ́ náà, ó dúró dè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kò dáhùn, ló bá fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó kú, ó lè jẹ́ pé ó lọ́ra ni. Àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń rà wálé láti Computer Village n'Íkẹjà (ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ kó ọjà yẹn wá sí Katangowa, l'ágbègbè Alímọ̀ṣọ́ níbí) sábà máa ń wá pẹ̀lú hard disk àtijọ́ tó ń yí bíi rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń du hard disk kan ṣoṣo, ẹni tó wúwo jù nínú wọn, èyí tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀, lè má tètè dáhùn. Ẹni tó lágbára kó pààrọ̀ hard disk náà sí SSD, ọ̀pọ̀ wàhálà àárọ̀ á lọ. Ẹni tí kò tíì lágbára, kó yí Startup Type òṣìṣẹ́ náà sí Automatic tó ní Delayed Start lára. Ìyẹn ń jẹ́ kó dúró di bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti jí. Ojú ìwé Recovery náà wà níbẹ̀, tí wọ́n lè fi sọ fún Windows pé bí òṣìṣẹ́ yìí bá ṣubú, kó gbé e dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ iná

Láti ọdún 2005 ni NEPA ti di PHCN, oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n sì gbé pípín iná fáwọn iléeṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ "NEPA ti mú iná lọ" ṣì ni igbe àwọn ọmọ àdúgbò. Ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe òkùnkùn, ìkúkúùkú ni. Nígbà tí iná bá lọ lójijì, ẹni tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ lè wà lẹ́nu kíkọ ìlà kan tí kò tíì parí. Nígbà tó bá jí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀ wò, kó tún ibi tó já ṣe, ìyẹn sì lè mú kó pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹni tó bá bínú pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu ibi tó ti ń tún ara ẹ̀ ṣe yìí ló ń dá kún un. Látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò lóṣù karùn-ún ọdún 2013 kọ́, ọdún 2023 ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń pa jẹnẹrétọ̀ ní kété tí oníbàárà bá ti lọ tán, tí wọ́n tún ń tàn án tí òmíràn bá dé. Kò burú, àmọ́ kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀, tàbí kí wọ́n ra UPS tó máa fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ètò ìtàn náà ṣe pàtàkì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé iná dé, tí gbogbo kọ̀ǹpútà sì tàn pa pọ̀, àwọn ti iwájú lè ti jí, kí ètò ìtajà wọn ti ṣí, kí wọ́n sì ti pariwo pé àwọn ò rí àkọsílẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn ṣì ń nu ojú. Àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn ẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ní àkọsílẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta àwọn yòókù. Bí ètò ìtajà bá jẹ́ èyí tó ń bá ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọlé fúnra ẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú fódà Startup, kí wọ́n gbé e sínú Task Scheduler pé kó ṣí nígbà tí ẹni náà bá wọlé, àmọ́ kó fi ìṣẹ́jú kan falẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Láti Windows 8, ẹni tó bá tẹ Shut down lórí kọ̀ǹpútà tí Fast Startup wà ní títàn lára ẹ̀ kò pa gbogbo ẹ̀. Ó pa ti ẹni tó wọlé, ṣùgbọ́n ó ká àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ bí ẹní, ó kó wọn sí hard disk, ó sì máa ń tú wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún un tàn. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn lánàá lè jí pẹ̀lú àìsàn náà lónìí. Restart nìkan ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nítorí náà, kí ẹni tó bá sọ pé "mo ti pa á tàn lẹ́ẹ̀mẹta" lọ tẹ Restart lẹ́ẹ̀kan ná.

Bí gbogbo èyí ò bá gbé ìdí ẹ̀ jáde, Windows ní ìwé tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n á kọ eventvwr.msc sínú àpótí Windows mọ́ R, wọ́n á ṣí Windows Logs, wọ́n á wọ System. Ibi tí wọ́n bá ti rí Service Control Manager pẹ̀lú àmì pupa ni kí wọ́n kà. 7000 ń sọ pé òṣìṣẹ́ kan ò lè jí, 7009 ń sọ pé ó pẹ́ jù, 7038 ń sọ pé páásíwọọ̀dù ni, 7031 sì ń sọ pé ó jí o, àmọ́ ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ya ojú ìwé yìí ní fọ́tò kó tó pe atúnkọ̀ǹpútàṣe ti gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ àfọ̀ọ́rọ̀lù, nítorí ó ti ní ohun tó máa bi onítọ̀hún: "Ẹ̀gbọ́n, 7038 ni wọ́n kọ síbí. Ṣé fọ́màtì ló ń wo ìyẹn ni?"

Àwọn díẹ̀ tó ń lo Ubuntu náà ní tiwọn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni systemd ti ń jí àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní àwọn tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà lápapọ̀ àti àwọn tó jẹ́ ti ẹni tó wọlé. Ẹni tó bá kọ systemctl --user status á rí àwọn tirẹ̀. Wọn á kú nígbà tó bá jáde, àfi tó bá ti fi loginctl enable-linger gbà wọ́n láyè láti dúró.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ohun kan dára nínú àárọ̀ burúkú yìí. Nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń di fáìlì mú, kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ lásán dà á kọ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó bá kọ̀ tí kò jí gan-an ni ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Kí wọ́n ki flash tàbí hard disk ìta bọ̀ ọ́, kí wọ́n da gbogbo fódà náà kọ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ti XAMPP sábà máa ń wà ní C:\xampp\mysql\data. Ti SQL Server, àwọn fáìlì tó parí sí .mdf àti .ldf ni. Àwọn kan máa ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé kó pa fáìlì tó ń jẹ́ ibdata1 rẹ́ kí MySQL lè jí. Ó lè jí lóòótọ́, àmọ́ inú ibdata1 ni MySQL ń fi ohun tó fi mọ àwọn ìwé rẹ̀ pa mọ́ sí, ìgbà mìíràn sì wà tí àwọn ìwé ọ̀hún fúnra wọn máa ń wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè padà sẹ́nu iṣẹ́, kó má sì rí ìwé kankan ṣọ́.

Màmá Ẹ̀gbẹ́dá ní hard disk ìta tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ki í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ ọ́ di Z lórí kọ̀ǹpútà àkọsílẹ̀, wọ́n sì ṣètò kí òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan máa da àkọsílẹ̀ kọ síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn fọwọ́ dán an wò lójú màmá, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n tún 1069 ṣe tán tí wọ́n wo inú hard disk náà, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n bá, èyí tí wọ́n fi dán an wò lọ́jọ́ yẹn. Z tí wọ́n dá fún ẹni tó wọlé, ẹni tó wọlé yẹn nìkan ló ń rí i. Láti ìgbà Windows Vista lọ́dún 2007 ni àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ti wà ní yàrá tiwọn, tí wọn ò sí nínú yàrá ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, Z rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Alaalẹ́ ni òṣìṣẹ́ náà ń gbé ẹrù jáde, tó ń wá Z, tí kò rí i, tó sì ń padà wọlé láì sọ fẹ́nì kan. Wọ́n yọ Z kúrò, wọ́n kọ orúkọ kọ̀ǹpútà kejì àti fódà ibẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú àmì \\ níwájú, wọ́n jẹ́ kí orúkọ ọ̀tọ̀ tí wọ́n dá fún òṣìṣẹ́ náà ní àṣẹ láti kọ̀wé síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ń tajà ṣí fódà náà kó tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fáìlì tuntun kan wà níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná ló wà lára ẹ̀.